Ta Ló Ń Fún Òṣìṣẹ́ Ní Nọ́ọ̀tì? Ìtàn Owó-orí, Olórí Kántọ̀n àti Iṣẹ́ Ìlú ní Ilẹ̀ Kétu

 

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Kétu, bí ọmọdé bá bi àgbà pé kí ló dé tí apá kan ìdílé fi wà ní Ìmẹ̀kọ, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Ogun ló lé wọn lọ." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ogun Dàhọ̀mì tú Kétu ká ní ọdún 1886. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún bi àgbà náà léèrè ọdún tí wọ́n lọ, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn lọ lẹ́yìn tí ogun ti parí, nígbà tí àsíá Faransé ti ń fẹ́ lórí ilẹ̀ wa. Kò sí ọmọ ogun kankan tó ń lé wọn pẹ̀lú idà. Ìwé ni ó lé wọn: ìwé owó-orí, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ogun, ìwé iṣẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn ìwé náà, ẹnì kan wà tó ní láti tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn kí ọdún tó parí.

Ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó jẹ mọ́ ìtàn, ó sì jẹ mọ́ ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ ní mairie, ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń ṣiṣẹ́, ta ló ń wò ó? Kí ni onítọ̀hún ń kà? Kí sì ni kíkà náà ń sọ iṣẹ́ dà fún àwa tí a dúró lórí ìlà?

KÉTU KÍ FARANSÉ TÓ DÉ

Ìlú Kétu ní yàrà àti odi, ó sì ní ẹnubodè ńlá kan, Àkàbà Ìdènà, tó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ìdílé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, tí oyè sì ń yí láàrin wọn. Àwọn ìjòyè wà tí ọba kò gbọdọ̀ pa tì bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun múlẹ̀.

Ẹ ro ti àwọn tó ń ṣọ́ Àkàbà Ìdènà. Kò sí ẹni tó ń kọ nọ́ọ̀tì fún wọn sórí ìwé ní ìparí ọdún. Bí wọ́n bá sùn lọ, tí ọ̀tá bá wọlé, ilé tiwọn náà yóò jó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí iṣẹ́ wà fún jọ wà nínú odi kan náà ni. Mi ò sọ pé ayé ìgbà náà dára tán. Ẹrú wà, ìwọ̀fà wà, ọba àti ìjòyè a sì máa ṣi agbára lò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyà tó wà nínú iṣẹ́ tí a kò ṣe dáadáa kì í jìnnà sí ilé ẹni tó yẹ kó ṣe é.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà náà, ahoro ni Kétu wà. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù wà ní ìgbèkùn ní ilẹ̀ Àgbómẹ̀ tàbí ní ibi tí wọ́n sá lọ. Lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Dodds ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn ìgbèkùn padà wálé, tí wọ́n sì fi Onyẹgẹn jẹ Alákétu ní 1894. Inú àwọn ènìyàn dùn. Wọ́n rò pé ẹni tó tú àwọn sílẹ̀ kò ní gbé àjàgà mìíràn kọ́ àwọn lọ́rùn.

OLÓRÍ KÁNTỌ̀N ÀTI ÌDÁ TIRẸ̀ NÍNÚ OWÓ-ORÍ

Ní 1899, Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Òyìnbó kò pọ̀ tó láti lọ máa kan ilẹ̀kùn ní abúlé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àwọn olórí wa ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó fún olórí? Wọ́n ń fún un ní ìdá kan nínú owó tó bá gbà wálé. Ìdá yìí ni wọ́n ń pè ní remise. Bí owó bá ṣe pọ̀ tó ni ìdá rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀yìn èyí ni nọ́ọ̀tì wá. Kọ̀màńdáǹ a máa kọ èrò rẹ̀ nípa olórí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìwé: Ṣé olóòótọ́ sí Faransé ni? Ṣé owó-orí rẹ̀ pé? Ṣé ó tètè dé? Ṣé ó kó ènìyàn wá fún iṣẹ́ ọ̀nà? Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n fi ìbéèrè mìíràn kún un: ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó ló kó wá fún iṣẹ́ sójà? Bí ìdáhùn bá dára, olórí yóò jókòó pẹ́ lórí àga. Bí kò bá dára, wọn yóò rọ̀ ọ́ lóyè, tàbí kí wọ́n fi í sí àtìmọ́lé, nítorí òfin indigénat fún kọ̀màńdáǹ láṣẹ láti fi ènìyàn sẹ́wọ̀n ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí adájọ́.

Ẹ kíyè sí àwọn ohun tí kò sí nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá omi wà ní abúlé, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ bí omi ṣe ṣọ̀wọ́n tó lórí òkè Kétu. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá olórí náà ń dá ẹjọ́ bó ṣe tọ́, tàbí bóyá opó rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Ohun tí ọ̀gá kò kà, ọmọ iṣẹ́ kò ní fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò lé lórí.

Kọ̀màńdáǹ náà ní ọ̀gá tirẹ̀. Gómìnà ní Àjàṣẹ́ ń wo bóyá owó agbègbè rẹ̀ pé. Dakar ń wo gómìnà. Paris ń wo Dakar. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó náà kì í pẹ́ ní ibì kan kí wọ́n tó ṣí wọn nípò. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní ju ọdún mélòó kan lọ ní ìlú, kí ni yóò mú un gbin igi tí kò ní jẹ èso rẹ̀? Ní 1917, gómìnà àgbà Van Vollenhoven ní Dakar fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo agbègbè, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé kọ̀màńdáǹ nìkan ló láṣẹ, pé olórí ìbílẹ̀ kò ju ohun èlò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ látẹ̀yìnwá ni ó kọ sílẹ̀ gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kékeré kan, bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì. Ká sọ pé abúlé kan ní ogún ènìyàn nínú ìwé owó-orí, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san fráńkì méjì. Ogójì fráńkì ni kọ̀màńdáǹ ń retí. Ní òru ọjọ́ kan, ènìyàn márùn-ún sá kọjá ààlà. Bí olórí bá yọ orúkọ wọn, owó rẹ̀ dín, ìdá tirẹ̀ dín, nọ́ọ̀tì rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà kò yọ ọ́. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ni yóò san ogójì náà. Ẹni tó ń san méjì tẹ́lẹ̀ yóò wá máa san tó méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́ta mìíràn yóò tún di ẹrù wọn. Ìwé owó-orí pé pérépéré, ṣùgbọ́n abúlé ti ń ṣófo. Irú èyí ṣẹlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

ALÁBÁ ÌDÁ

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn yìí ní Kétu kí a má dárúkọ Alábá Ìdá, aya Alákétu Onyẹgẹn. Bí ọba ṣe ń darúgbó tí agbára rẹ̀ ń dínkù, ọwọ́ obìnrin yìí ni àṣẹ bọ́ sí, Faransé sì gbà á bí ayaba tí àwọn lè bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń rí sí i pé owó-orí wọlé. Nígbà tí ogun dé, tí wọ́n ń wá sójà, òun náà ni wọ́n kọjú sí. Àwọn ará Kétu bínú sí i gidigidi. Ọ̀pọ̀ fi ilé sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ. Ní 1917, Faransé mú un kúrò ní ipò náà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Onyẹgẹn wàjà.

Títí dòní, àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ obìnrin yìí. Mi ò wá láti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí òpìtàn béèrè: nígbà tí wọ́n yọ ọ́, kí ni wọ́n yí padà? Wọ́n yọ ènìyàn, wọ́n fi òṣùwọ̀n sílẹ̀. Owó-orí ṣì ni wọ́n ń kà, iṣẹ́ ọ̀nà ṣì ni wọ́n ń kà, ìdá olórí ṣì wà nínú ohun tó bá gbà. Nítorí náà àwọn ènìyàn kò yé sálọ lẹ́yìn 1917. Ẹni tó bá jókòó sórí àga náà, bó ti wù kí ó jẹ́ ọmọlúwàbí tó, yóò yan ọ̀kan nínú méjì: kó ni ará ìlú lára, tàbí kó pàdánù àga. Àwọn ará wa ní Ọ̀họ̀rí kò tilẹ̀ dúró de ìyẹn. Wọ́n gbé ohun ìjà sí Faransé ní 1914, wọ́n sì fi ojú winá rẹ̀.

ẸSẸ̀ NI WỌ́N FI DÌBÒ

Láyé ìgbà náà, ará ìlú kò lè kọ ìwé ẹ̀sùn lórí olórí kántọ̀n. Ta ni yóò kọ ọ́ sí? Ẹni tó yan olórí náà ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ará ìlú lè fún ìjọba ni kó gbé ẹní rẹ̀, kó kó ọmọ rẹ̀, kó kọjá sí Ìmẹ̀kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tó kọ ìwé ńlá lórí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrìn àjò lásán: ọ̀tẹ̀ ni, ọ̀tẹ̀ tí a fi ẹsẹ̀ ṣe.

Kí ẹ má rò pé párádísè ni òdìkejì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà fi agbára lé àwọn olórí lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì mú owó-orí wọ ilẹ̀ Yorùbá. Òkèihò àti Ìsẹ́yìn dìde ní 1916, àwọn Ẹ̀gbá dìde ní 1918 nínú ogun tí a mọ̀ sí Ogun Àdùbí. Ṣùgbọ́n kò sí fífi ipá kó ọmọ fún iṣẹ́ sójà lọ́dọ̀ wọn bí ó ti wà lọ́dọ̀ wa, owó-orí wọn sì pẹ́ kó tó dé. Fún ẹni tí wọ́n ń lépa lóru, ìyàtọ̀ yẹn tó.

Ní 1946 ni òfin tí a fi orúkọ Houphouët-Boigny pè fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ní òkè òkun. Indigénat náà lọ sílẹ̀ ní àsìkò yẹn. Ṣùgbọ́n ààlà ti pín ìdílé sí méjì, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di ìsinsìnyí.

ILẸ̀ ÀWỌN AKỌ̀WÉ

Lẹ́yìn òmìnira ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ìṣòro mìíràn dé. Dàhọ̀mì ní akọ̀wé púpọ̀. Láyé Faransé, àwọn ọmọ Dàhọ̀mì ló kún ọ́fíìsì láti Abidjan dé Niamey. Nígbà tí wọ́n lé wọn ní Côte d'Ivoire ní 1958, tí Niger náà tún lé wọn ní 1963, wọ́n padà wálé, wọ́n ń wá iṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba wá di oúnjẹ tí gbogbo ìdílé ń na ọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ owó oṣù tó ìjọba láti ṣubú: ìyanṣẹ́lódì wà lára ohun tó gbé àwọn sójà dé orí oyè ní oṣù kejìlá ọdún 1967.

Láyé Kérékou, lẹ́yìn 1972, ẹni tó bá jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ pé ìjọba yóò gba òun síṣẹ́. Nọ́ọ̀tì ń bẹ, ṣùgbọ́n ọdún tí o ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń gbé ọ ga, ìṣọwọ́ sọ̀rọ̀ rẹ nípa ẹgbẹ́ ìjọba sì ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Nígbà tó di agbedeméjì àwọn ọdún 1980, àpò gbẹ, ìgbàsíṣẹ́ dúró. Ní 1989, àwọn báǹkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀, òṣìṣẹ́ ń lo oṣù lórí oṣù láìrí owó gbà, àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jókòó sílé. Àpérò Orílẹ̀-èdè ti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990 ló yọ wá nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ó wà pé a kò lè díwọ̀n iṣẹ́ ẹni tí a kò sanwó fún. Ọ̀gá tí kò mú àdéhùn tirẹ̀ ṣẹ kò ní ojú tí yóò fi wo ọmọ iṣẹ́.

Onígbólò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pọ́bẹ̀, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe tọ́ọ̀nù 500,000 lọ́dún, ọjà Nàìjíríà ni wọ́n sì gbójú lé. Ní 1984, Nàìjíríà ti ààlà pa, kò sì ṣí i títí di 1986. Bí ẹnì kan bá wo ìwé ilé iṣẹ́ náà ní àsìkò yẹn, tó sì rí i pé símẹ́ǹtì tó jáde kò tó, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀lẹ? Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Nígbà tó yá, ìjọba ta ilé iṣẹ́ náà fún aládàáni. Ẹni tó bá fẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ohun tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba.

ÌJÀ LÓRÍ NỌ́Ọ̀TÌ NÍ AYÉ TIWA

Ní 2001 sí 2002, ìjọba fẹ́ kí ìgbéga máa dá lórí bí ènìyàn ṣe ṣiṣẹ́ sí, kó má jẹ́ iye ọdún nìkan mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì. Àwọn tó wà níta sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lásán. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn wọn ni èyí: bí nọ́ọ̀tì bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan, ẹni tó ń bá ọ̀gá jẹun, tàbí tó bá a wá láti ìlú kan náà, ni yóò ga. Nínú ìlú tí ìrántí olórí kántọ̀n ò tíì parẹ́, ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Ṣùgbọ́n kíka ọdún nìkan náà kò dára. Olùkọ́ tó ń dé láago méje lójoojúmọ́ àti èyí tó ń fara hàn lọ́jọ́ ọjà nìkan jọ ń gòkè pa pọ̀ ni. Ẹ̀yin ará wa ní Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n: fọ́ọ̀mù APER tí ẹ fi ń díwọ̀n òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dára nínú rẹ̀.

Ní ẹ̀ka tiwa, ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ náà le. Nígbà tí ìjọba dá ìgbàsíṣẹ́ dúró, àwọn òbí ní abúlé ló dá owó jọ, wọ́n wá àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé díẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ wọn. Enseignants communautaires ni a ń pè wọ́n. Láìsí wọn, ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Plateau ni ì bá ti di ilé ewúrẹ́. Nígbà tí ìjọba fagi lé owó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ọmọ ya wọ kíláàsì. Láti 2008, ìjọba sọ àwọn olùkọ́ abúlé wọ̀nyí di òṣìṣẹ́ àdéhùn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó pè wọ́n sí ìdánwò, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí olúkúlùkù kù sí. Àwọn kan jókòó ṣe é. Àwọn kan kọ̀, wọ́n sì rí ìjìyà rẹ̀. Òfin 2018 ti dín ìyanṣẹ́lódì kù sí ọjọ́ mẹ́wàá péré lọ́dún, nítorí náà ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti há.

Ohun méjì ni mo rí nínú èyí. Òbí tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé olùkọ́ mọ ohun tó ń kọ́ni. Kò yẹ kí a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí wọ́n mú wá láìkọ́ ọ níṣẹ́, tó lo ọdún púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba owó tí àwọn òbí ń dá jọ, ṣé nọ́ọ̀tì ni yóò kọ́kọ́ rí ni àbí ẹ̀kọ́? Bí ìdánwò bá jẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀kọ́, ọmọ yóò jèrè. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀kùn ìlékúrò nìkan, olùkọ́ yóò kọ́ bí a ṣe ń fi àìmọ̀ pamọ́.

Ilé ìwòsàn gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Láti 2012, ní àgbègbè ìlera mẹ́jọ kó tó tàn dé àwọn yòókù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kún àpò ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó bá ṣe: iye aboyún tó bímọ níbẹ̀, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti bí iṣẹ́ náà ṣe dára sí. Ẹni tó bá mọ ìtàn Kétu yóò sọ pé, "Remise ti padà wá o!" Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Nínú ètò yìí, àwọn ẹgbẹ́ láti àárín ìlú a máa lọ bá àwọn aláìsàn nílé láti béèrè pé: Ṣé lóòótọ́ lo lọ síbẹ̀? Ṣé wọ́n tọ́jú rẹ? Ẹni tí iṣẹ́ wà fún ni wọ́n bi. Olórí kántọ̀n kò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n owó àwọn olùrànlọ́wọ́ òkèèrè ló gbé ètò náà ró. Nígbà tó di 2017 tí owó náà dáwọ́ dúró, ètò náà dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Ní mairie, òfin tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021 fi akọ̀wé àgbà tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif síbẹ̀, ìbò orúkọ ni wọ́n sì ń fi yan án láti inú àwọn tó ti yege, kí iṣẹ́ ọ́fíìsì má baà jẹ́ ti olóṣèlú. Ó dára kí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé má jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò olóyè. Síbẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó wá láti ibòmíràn, tí wọ́n lè ṣí nípò nígbàkígbà, ta ni yóò ṣiṣẹ́ fún: àwọn ọ̀gá tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àbí ìyá arúgbó tó wá béèrè ìwé ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀?

OHUN TÍ A LÈ MÚ NÍNÚ ÌTÀN

Nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ fún wa pé ìjọba ń mú ètò tuntun wá láti díwọ̀n iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: Kí ni ẹ ó kà? Bí ẹ bá ka iye ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ìwé yóò pọ̀. Bí ẹ bá ka owó tó wọlé, owó yóò wọlé, bí abúlé tilẹ̀ ṣófo. Ohun tí ẹ bá kà ni ẹ ó rí.

Èkejì: Kí ni ẹ ti fún òṣìṣẹ́ náà kí ẹ tó kà? Agbẹ̀bí tí kò ní iná, olùkọ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì, a kò lè bá wọn ṣírò bí ẹni tó ní gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: Ṣé ẹni tí iṣẹ́ wà fún ní ẹnu nínú nọ́ọ̀tì náà? Bí kò bá ní ẹnu, ẹsẹ̀ ni yóò lò. Lónìí pàápàá, a ṣì ń rí i. Ọmọ Kétu a máa gbé ìyàwó rẹ̀ kọjá lọ bímọ ní Ìmẹ̀kọ, ọmọ Ìlárá a máa wá síhà wa fún ilé ẹ̀kọ́, kálukú ń lọ síbi tí wọ́n bá ti dá a lóhùn dáadáa. Kò sí kọ̀màńdáǹ tó ń ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì ni.

Ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ wọn: ọdún wo ni ìdílé yín ṣí, abúlé wo ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ni olórí ń béèrè lọ́wọ́ wọn nígbà náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ọ̀rọ̀ náà má baà bá wọn wọlẹ̀. Ìwé àwọn kọ̀màńdáǹ wà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, nọ́ọ̀tì tí wọ́n fún àwọn olórí wa wà nínú rẹ̀. Èyí tí ará ìlú fún ìjọba ni kò sí níbẹ̀. Ẹnu yín nìkan ló wà.